Bí a ṣe ń tún ọkọ̀ àtijọ́ tò fún eré ìje ìdámẹ́rin máìlì

Ní ọjọ́ Sátidé tí mo bá fa ọkọ̀ Chevrolet Nova mi ti ọdún 1972 lọ sí pápá, ó ṣọ̀wọ́n kí n dúró ra epo kí ẹnì kan má bi mí pé, "Báwo ni nǹkan yìí ṣe ń sáré tó?" Ìdáhùn mi kì í tẹ́ wọn lọ́rùn. Ọkọ̀ náà ń sá ìdámẹ́rin máìlì, tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 1,320, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 12.80, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọkọ̀ oníbátìrì tuntun tí ìyálé ilé kan fi ń gbé ọmọ lọ sí ilé ìwé lè fi í sílẹ̀ láìlàágùn. Síbẹ̀, Nova yìí ti lé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó yára jù ú lọ padà sílé, nítorí pé ẹni tó mọ ọkọ̀ rẹ̀ dunjú ló ń borí nínú irú eré tí à ń sá. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín ni bí ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n tó ní gáréèjì kan àti sùúrù, ṣe lè to irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó sì máa fi í sáré fún ọdún púpọ̀ láìjẹ gbèsè àti láìfara pa.

Òfin eré náà ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀, torí òun ló máa sọ irú ọkọ̀ tí ẹ máa tò. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọ̀dọ́ California ń fi ọkọ̀ tí wọ́n ti tún ṣe sáré lórí ilẹ̀ adágún tó ti gbẹ àti lójú títì, èyí tó léwu fún tèwe tàgbà. Ní ọdún 1951, Wally Parks dá ẹgbẹ́ eré ìje ọkọ̀ NHRA (National Hot Rod Association) sílẹ̀ kí eré náà lè kúrò lójú títì, kí ó sì wá sí pápá tó ní òfin. Oríṣiríṣi ìsọ̀rí ló wà lónìí, ṣùgbọ́n èyí tó gba tálákà àti olówó mọ́ra ni èyí tí wọ́n ń pè ní bracket. Awakọ̀ kọ̀ọ̀kan á fi páálíṣì bàtà funfun kọ iye ìṣẹ́jú-àáyá tó gbà pé ọkọ̀ òun máa sá sí ojú gíláàsì. Bí èmi bá kọ 12.80, tí ẹnì kejì sì kọ 11.30, iná tó ní kí n gbéra á fi ìṣẹ́jú-àáyá 1.50 ṣáájú tirẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí olúkúlùkù bá sá iye tó kọ gẹ́lẹ́, a máa dé ìlà òpin pa pọ̀. Ẹni tó bá yára ju iye tó kọ lọ, ìbáà jẹ́ ìdá ẹgbẹ̀rún kan ìṣẹ́jú-àáyá, ti pàdánù, àfi bí ẹnì kejì bá ṣe èyí tó burú ju tirẹ̀ lọ. Ẹ ò lè purọ́ pé ọkọ̀ yín ń falẹ̀ kí ẹ sì jẹ èrè rẹ̀.

Iye yìí ni mo ń pè ní nọ́ńbà ojú gíláàsì. Kí ẹ tó ra ohunkóhun tàbí kí ẹ tó tú bóòtù kan, ẹ bi ara yín bóyá ohun náà á jẹ́ kí ọkọ̀ yín máa sá iye kan náà láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, lóṣù yìí àti lóṣù tó ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ ohun tó ń mú kí ọkọ̀ yára ló ń sọ ọ́ di aláìgbọ́ràn, owó rẹ̀ sì máa ń pọ̀ ju ti ohun tó ń mú un gbọ́ràn lọ.

Ríra ọkọ̀

Mo fẹ́ràn Nova tí wọ́n ṣe láti ọdún 1968 dé 1974, kì í sì í ṣe torí ẹwà rẹ̀. Ọkọ̀ iṣẹ́ òòjọ́ ni, nítorí náà owó rẹ̀ ṣì kéré sí ti Camaro, ọkọ̀ eré Chevrolet, bẹ́ẹ̀ sì ni irin tó gbé ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ jọ ti Camaro àkọ́kọ́ débi pé ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń rọ fún èyí ló ń wọ ìyẹn. Ẹ́ńjìnnì V8 kékeré tí Chevrolet gbé jáde pẹ̀lú ọkọ̀ ọdún 1955 ló wọ̀ ọ́, ẹ̀yà ara ẹ́ńjìnnì náà sì pọ̀ ní Amẹ́ríkà bí ti Peugeot 504 ṣe pọ̀ ní ọjà Ládípọ̀ nígbà kan. Bàbá mi ní 504 kan tí wọ́n tò ní Kàdúná, èmi ni mo sì máa ń gbé tọ́ọ̀ṣì fún mẹkáníìkì nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú; ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ni àìsàn yìí ti wọ̀ mí lára.

Irin ni kí ẹ rà, ẹ má ra ọ̀dà. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí mo rà ń dán bíi dígí, mo sì san owó lé e lójú ẹsẹ̀, àfìgbà tí mo gbé e délé tí mo tẹ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn rẹ̀ ni ìka mi wọnú pọ́tì tí páńẹ́ẹ̀lì bítà kan ti kùn bo ihò. Láti ìgbà náà ni irin oòfà kékeré tí mo fi aṣọ rírọ̀ wé ti máa ń wà lápò mi: níbi tí irin bá wà, ó máa lẹ̀ mọ́ ọn, níbi tí ó bá jẹ́ pọ́tì, ó máa já bọ́. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì sókè kí ẹ wo ilẹ̀ ọkọ̀, ẹ wo ilẹ̀ bùútù, kí ẹ sì da omi díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú láti wò ó bóyá yóò yọ níbi ẹsẹ̀ awakọ̀. Gbogbo ìwọ̀nyí ṣeé jó, páńẹ́ẹ̀lì tuntun sì wà fún un. Èyí tí mo fi ń pinnu ni irin gígùn tó wà lábẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, níbi tí wọ́n ti so sípíríńgì mọ́ ọn. Bí ibẹ̀ bá ti dógùn-ún wọra, tí ẹ fi òòlù kékeré kàn án tí kò dún kó, ẹ kí olówó ọkọ̀ náà kí ẹ sì máa lọ, àyàfi bí ẹ bá jẹ́ ẹni tó mọ irin jó dáadáa.

Ọkọ̀ tí ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ tó sì pa tì sábà máa ń yọ ènìyàn lẹ́nu ju èyí tí wọ́n ṣì ń wà lọ, ṣùgbọ́n kò burú bí bóòtù rẹ̀ bá pé. Bí ẹ̀yin fúnra yín bá ń tú ọkọ̀, ẹ ya fọ́tò ohun gbogbo kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ kó bóòtù ibì kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá tirẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ ibẹ̀ sí i. Ẹ máa rò pé ẹ máa rántí. Ẹ ò ní rántí.

Bíréèkì ṣáájú ẹ́ńjìnnì

Ní ìparí ẹsẹ̀ bàtà 1,320, ọkọ̀ tó sá ìṣẹ́jú-àáyá 12.80 ti ń lọ ní nǹkan bíi máìlì 106 ní wákàtí kan, tó jẹ́ kìlómítà 170. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn Nova wọ̀nyí jáde pẹ̀lú bíréèkì onígbá ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, irú èyí tó máa ń gbóná kí ó sì máa fa ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lórí eré. Ẹ fi èyí tó ní àwo irin sí ẹsẹ̀ iwájú. Ohun gbogbo tí ẹ nílò fún un wà lọ́jà. Ẹ pààrọ̀ gbogbo rọ́bà bíréèkì tó ń lọ sí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, torí rọ́bà ogójì ọdún lè máa wú nínú láìjẹ́ pé ìta rẹ̀ fi hàn, kí ẹ sì pààrọ̀ páìpù irin rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí omi máa ń wọ inú epo bíréèkì, ó sì máa ń jẹ páìpù láti inú wá. Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ àwọn oríkèé ẹsẹ̀ iwájú àti ti sitíárìn wò.

Ẹni tó bá ń kánjú láti gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì máa sọ pé mo ń fi àkókò ṣòfò. Àmọ́ bíréèkì kan náà ló máa di ọkọ̀ mú nígbà tí ẹ bá ń tẹ tọ́tù (pẹ́dà tó ń mú ọkọ̀ sáré) lójú ìlà ìbẹ̀rẹ̀, tí ẹ ń retí iná. Bí ó bá ń yọ̀ díẹ̀ lónìí tó sì dúró gbọn-in lọ́la, nọ́ńbà ojú gíláàsì yín ti di àbá lásán. Bíréèkì tí kò tú táyà sílẹ̀ tán náà máa ń jí àkókò gbé; ẹ gbé ọkọ̀ sórí jáàkì, kí ẹ fi ọwọ́ yí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan wò.

Ẹ́ńjìnnì

Èyí tí mo máa ń lò ni V8 kékeré tí wọ́n ń pè ní 350, nítorí àyè inú sílíńdà rẹ̀ mẹ́jọ jẹ́ íǹṣì kúbíìkì 350, tí ìbú sílíńdà rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 4.00, tí písítìnì rẹ̀ sì ń rìn ní íǹṣì 3.48. Ẹ wo ẹ̀yìn búlọ́ọ̀kù, ní ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, níbi tí ó ti pàdé gíábọ́ọ̀sì. Ẹ máa rí nọ́ńbà tí wọ́n dà mọ́ irin náà. Bí ẹ bá rí 3970010, ẹ ti rí ọ̀kan nínú àwọn búlọ́ọ̀kù tó pọ̀ jù lọ tó sì ṣeé gbára lé. Àwọn tó ń tà á máa gbówó lé èyí tí bóòtù mẹ́rin di ìdè kíráńkì rẹ̀ mú kọ̀ọ̀kan. Ní ti agbára ẹṣin 325 tí à ń wá, èyí tó ní bóòtù méjì-méjì tó, kí ẹ fi owó tó kù ra táyà.

Ẹ gbé búlọ́ọ̀kù náà lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bọ́ọ̀rù ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n kọ́kọ́ fi oòfà àti ìyẹ̀fun irin yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti sán, kí wọ́n tó bọ́ọ̀rù rẹ̀ dé íǹṣì 4.030. Ẹ má ṣe ra písítìnì kí wọ́n tó sọ ìwọ̀n tó bá a mu fún yín. Nígbà tí ẹ bá gbé e padà, ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ ìfọṣọ fọ̀ ọ́, ẹ ti búrọ́ọ̀ṣì gígùn bọ gbogbo ihò tí epo ń gbà kọjá, kí ẹ fi aṣọ funfun nu inú sílíńdà títí aṣọ náà kò fi ní dúdú mọ́. Ẹ fi epo pa á lójú ẹsẹ̀. Ní Houston tí mò ń gbé, níbi tí ooru àti ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ti jọ ti Èkó, irin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ọ̀rù máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún kí ẹ tó mu omi tán nínú ife.

Ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ yín ti máa hàn jù lọ ni ríǹgì. Ẹ mú ríǹgì òkè kan, ẹ fi sínú sílíńdà tirẹ̀ láìsí písítìnì, kí ẹ wá fi orí písítìnì rọra tì í wọlé bí íǹṣì kan kí ó lè tẹ́jú. Ẹ máa rí i pé ojú rẹ̀ méjèèjì kò kan ara wọn. Ẹ ti abẹ ìwọ̀n tín-ín-rín bọ àárín wọn: ní sílíńdà íǹṣì 4.030, íǹṣì 0.018 ni mo máa ń fi sílẹ̀. Abẹ náà gbọ́dọ̀ wọlé kí ó sì máa há díẹ̀ bí ẹ ṣe ń fà á, bí ẹni fa bébà láàárín ìwé méjì. Bí àlàfo náà bá kéré, ẹ fi fáìlì yún ojú kan, láti ẹ̀gbẹ́ ìta lọ sí inú, ẹ̀ẹ̀mejì péré, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Ìdí rẹ̀ ni pé ríǹgì máa ń gùn sí i bí ó bá gbóná, tí ojú rẹ̀ méjèèjì bá sì kan ara wọn, kò ní ibòmíràn tó máa lọ ju pé kí ó ha ògiri sílíńdà tàbí kí ó fa orí písítìnì ya. Ẹ kọ nọ́ńbà sílíńdà sí ara ríǹgì kọ̀ọ̀kan bí ẹ bá ti yún un tán, kí wọ́n má baà pààrọ̀ ara wọn. Ìrọ̀lẹ́ méjì ni mo máa ń fi ṣe iṣẹ́ yìí, mo sì máa ń pa fóònù mi.

Ní ti bíárìn kíráńkì, ẹ fi fọ́nrán ike tín-ín-rín tí wọ́n ń pè ní Plastigage lé orí irin náà, ẹ di ìdè rẹ̀ dé iye tó yẹ, kí ẹ tú u, kí ẹ sì fi ìwọ̀n ara ọ̀rá rẹ̀ wo bí fọ́nrán náà ṣe tẹ́ tó. Bí àlàfo epo bá wà láàárín íǹṣì 0.002 sí 0.0025, ọkàn yín lè balẹ̀. Ẹ má yí kíráńkì nígbà tí fọ́nrán náà bá wà níbẹ̀. Fún dídì, ẹ ra sípánà tó ń sọ iye agbára tí ẹ fi di bóòtù, kí ẹ má sì yá a: bóòtù ìdè kíráńkì jẹ́ 70, ti kọ́ńrọ́ọ̀dù jẹ́ 45, ti orí ẹ́ńjìnnì jẹ́ 65, nínú ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà-pọ́ùn tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò, bí ẹ bá ra bóòtù ilé iṣẹ́ mìíràn, iye tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ihò bóòtù orí ẹ́ńjìnnì yìí wọnú ibi tí omi ń gbà kọjá, nítorí náà ẹ fi gọ́ọ̀mù tí kì í jẹ́ kí omi jò pa eyín bóòtù kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá gbàgbé èyí máa rò pé gásíkẹ́ẹ̀tì òun ti jó, á sì tú gbogbo ẹ̀ láìnídìí.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta kámù, irin yíyí tó ń ṣí fáàfù, tó tóbi jù fún yín. Lóòótọ́, ó máa ń mú kí ẹ́ńjìnnì máa kùn bí ẹkùn níbi tí ó dúró sí, ṣùgbọ́n ó ń dín agbára tó ń fa afẹ́fẹ́ kù, agbára yẹn gan-an ló sì ń ran bíréèkì yín lọ́wọ́ bí ẹ bá ń lo èyí tó ní ìrànwọ́. Písítìnì tó ń fún afẹ́fẹ́ ní ìlọ́po 9.5 àti kábúrétọ̀ tó ń gba afẹ́fẹ́ 650 cfm (ẹsẹ̀ bàtà kúbíìkì ní ìṣẹ́jú kan) tó fún epo ọ́kítéènì 93 tó wà ní ilé epo. Ní ti iná pílọ́ọ̀gì, mo máa ń dá a dúró sí dígírì 34 tàbí 36 ní àpapọ̀ kí písítìnì tó dé òkè, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan. Bí iná àwọn sílíńdà ṣe ń tan tẹ̀ léra nìyí: 1-8-4-3-6-5-7-2. Ẹ kíyè sí i pé 5 àti 7 ń tan tẹ̀ lé ara wọn, wọ́n sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí wáyà wọn bá sùn lé ara wọn, iná ọ̀kan lè fò sínú èkejì. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ọjọ́ tí ẹ máa tanná sí i, ọjọ́ yẹn sì ni mo pa ẹ́ńjìnnì mi àkọ́kọ́. Àwọn tápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tó tẹ́jú nísàlẹ̀ máa ń jókòó tààrà sórí kámù, epo tó sì ń dé ibẹ̀ ni èyí tí kíráńkì ń ta sókè bó ṣe ń yí kíákíá. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́, epo náà kò ní tó. Èmi kò mọ èyí. Mo tanná, inú mi dùn, mo jẹ́ kí ó máa kùn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá níbi tí mo ti ń yí síkírúù kábúrétọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún ta-ta-ta ní apá kan. Nígbà tí mo gé fílítà epo tí mo tẹ́ bébà inú rẹ̀ síta lójú oòrùn, ó ń dán bí ẹni da ìyẹ̀fun fàdákà sí i. Orí kámù kan ti jẹ tán pátápátá.

Nítorí náà, kí ẹ tó tanná, ẹ yọ dísítíríbútọ̀, ẹ fi irin tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí bọ ihò rẹ̀, kí ẹ fi dírílì yí pọ́ǹpù epo sí ọwọ́ ọ̀tún títí epo yóò fi yọ lókè lórí gbogbo fáàfù mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún. Ẹ fi òróró pàtàkì tó wà fún kámù pa orí rẹ̀, kí ẹ sì lo epo ẹ́ńjìnnì tó ní zinc púpọ̀. Ẹ rí i pé omi wà nínú rẹdiétọ̀, epo wà nínú kábúrétọ̀, àkókò iná sì sún mọ́ ibi tó yẹ, kí ó lè jẹ́ pé bí ẹ bá ti tanná báyìí, ó máa gbé e lójú ẹsẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ìgbà 2,000 sí 2,500 ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹ máa gbé e sókè sódò díẹ̀díẹ̀ láàárín iye yẹn fún ìṣẹ́jú 20 sí 30. Bí omi bá ń jò, ẹ pa á, ẹ tún un ṣe, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ padà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó sinmi lórí yíyí wọ́ọ́rọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ pààrọ̀ epo, ẹ gé fílítà, kí ẹ wò ó lójú oòrùn.

Gíábọ́ọ̀sì, dífù àti táyà

Gíábọ́ọ̀sì Turbo 350 tó ń pààrọ̀ jíà fúnra rẹ̀ ni kí ẹ lò. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa bínú, torí ìgbádùn ńlá ni kílọ́ọ̀ṣì àti jíà ọwọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹsẹ̀ ènìyàn tó ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì bákan náà ní ìgbà mẹ́wàá, nọ́ńbà ojú gíláàsì kì í sì í dárí jini.

Ìṣirò kan wà tó máa gbà yín lọ́wọ́ ríra dífù tí kò bá ọkọ̀ yín mu. Ẹ fi ìyára tí ẹ retí ní ìlà òpin sọ nọ́ńbà dífù (iye ìgbà tí pùrọ̀pẹ́là ń yí kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan) di púpọ̀, kí ẹ tún fi 336 sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá fi gíga táyà ní íǹṣì pín in. Pẹ̀lú máìlì 106, dífù 4.10 àti táyà íǹṣì 26, ẹ máa rí nǹkan bí ìgbà 5,600 ní ìṣẹ́jú kan, èyí tó bá ẹ́ńjìnnì tí mo ṣàpèjúwe mu. Torque converter, ohun tó ń fi epo so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíábọ́ọ̀sì, máa ń yọ̀ díẹ̀, nítorí náà ẹ fi ọgọ́rùn-ún mélòó kan kún un.

Sípíríńgì ẹ̀yìn Nova jẹ́ irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra wọn, bí agbára bá sì dé bá a lójijì, ó máa ń ká sókè bí ejò, táyà á sì máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún. Irin ìdábùú tí wọ́n ń dè mọ́ abẹ́ sípíríńgì ló ń wò ó sàn. Ní ti afẹ́fẹ́ táyà, 18 psi ni mo máa ń fi sí ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n pé kí ó jẹ́ iye kan náà ní gbogbo ìgbà ṣe pàtàkì ju iye náà fúnra rẹ̀ lọ. Bí ọkọ̀ bá wà lórí ìlà ìdúró tí oòrùn ń pa táyà ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ fi aṣọ bò ó.

Àyẹ̀wò ẹnubodè

Kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹ wọ pápá, àwọn alábòójútó máa yẹ ọkọ̀ wò, wọn kì í sì í gba ẹ̀bẹ̀. Ìwé òfin NHRA ń sọ pé ọkọ̀ tó bá sá 13.99 tàbí tó yára jù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní awakọ̀ tó dé akoto. Ẹ wo ọdún tó wà lára àmì ẹ̀rí akoto náà, torí ó máa ń tán lọ́jọ́. Irin tó rọ̀gbà yí pùrọ̀pẹ́là ká gbọ́dọ̀ wà láàárín íǹṣì mẹ́fà sí oríkèé iwájú rẹ̀ bí ẹ bá ń lo táyà eré, kí ó má baà jẹ́ pé bí pùrọ̀pẹ́là bá já, orí rẹ̀ á gún ilẹ̀, á sì gbé ọkọ̀ sókè. Bí ẹ bá gbé bátìrì lọ sí bùútù, súìṣì tó ń pa gbogbo iná gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn níta. Ẹ so ìgò kan mọ́ rẹdiétọ̀ tó máa gba omi tó bá ru jáde, ẹ fi sípíríńgì méjì dá tọ́tù padà, kí ẹ sì rí i pé ọkọ̀ kò lè tanná nígbà tó bá wà nínú jíà. Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn. Mo ti rí ẹni tó fa ọkọ̀ láti ọ̀nà jíjìn tí wọ́n dá padà torí ṣòkòtò pénpé.

Lórí pápá

Pápá ń dín kù. Èyí tó súnmọ́ mi jù lọ, Houston Raceway Park tó wà ní Baytown, ti kógbá sílé ní ọdún 2023, nítorí náà mo máa ń rin ọ̀nà jíjìn báyìí, nígbà mìíràn títí dé Texas Motorplex ní Ennis, tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1986. Ẹ lọ ní ọjọ́ tí wọ́n ń jẹ́ kí gbogbo ènìyàn dán ọkọ̀ wò, ṣáájú ọjọ́ ìdíje. Ẹ sá ìgbà mẹ́fà láìyí ohunkóhun padà, kí ẹ sì kó ìwé tí wọ́n ń tẹ̀ fún yín lẹ́yìn eré kọ̀ọ̀kan jọ.

Níwájú yín ni igi iná wà. Ẹ rọra wọlé títí iná méjì òkè yóò fi tàn, kí ẹ dúró. Iná mẹ́ta aláwọ̀ ọsàn máa tàn tẹ̀ léra, ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá láàárín wọn, kí aláwọ̀ ewé tó tàn. Ẹni tó bá dúró de aláwọ̀ ewé ti pẹ́, torí ara ènìyàn àti ara ọkọ̀ ń gba àkókò kí wọ́n tó gbéra. Iná ọsàn tó kẹ́yìn ni kí ẹ fi kúrò. Bí ẹ bá yá jù, iná pupa máa tàn, ìdíje yín sì ti parí. Ẹ máa dúró sí ojú kan náà nígbà gbogbo, kí omi rẹdiétọ̀ sì wà ní ìgbóná kan náà. Dígírì 170 ti Fahrenheit ni tèmi.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ló máa ń bá mi lọ, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju ìwé àkọsílẹ̀ kan lọ. Ó ń kọ wákàtí, ìgbóná afẹ́fẹ́, ọ̀rinrin rẹ̀, apá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, iye epo inú táǹkì àti iye tí ọkọ̀ sá. Afẹ́fẹ́ tútù tó gbẹ máa ń fún ẹ́ńjìnnì lágbára. Èyí tó gbóná tó sì ní omi máa ń gbà á. Ọkọ̀ mi lè sá 12.71 ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀, kí ó sì sá 12.86 ní agogo mẹ́ta ọ̀sán láìsí ohun tó ṣe é. Ẹ̀gbọ́n á ṣí ìwé náà sí ọjọ́ kan ní ọdún méjì sẹ́yìn tí ojú ọjọ́ rẹ̀ jọ ti òní, á na páálíṣì sí mi láti ojú fèrèsé, á ní, "Àbúrò, má bá mi jiyàn, kọ 12.84." Ìgbà tí mo bá jiyàn ni mo máa ń pàdánù.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìdíje kan ṣàlàyé ohun tí à ń wá kiri. Mo kọ 12.80, ẹnì kejì kọ 11.30. Lẹ́yìn tí iná aláwọ̀ ewé tàn, èmi lo ìṣẹ́jú-àáyá 0.030 kí n tó kúrò, mo sì sá 12.82. Òun lo 0.080 kí ó tó kúrò, ó sì sá 11.31. Tèmi jẹ́ 0.030 pẹ̀lú 0.02, tó jẹ́ 0.050, tirẹ̀ jẹ́ 0.080 pẹ̀lú 0.01, tó jẹ́ 0.090. Mo fi 0.040 ṣáájú rẹ̀, èyí tó jẹ́ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méje ní ìyára tí ó fi ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Òun ló mọ ọkọ̀ rẹ̀ jù mí lọ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ó sùn lójú iná. Àwọn ògbólógbòó mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ bíréèkì díẹ̀ nítòsí ìlà òpin kí wọ́n má baà yára ju nọ́ńbà wọn lọ. Ní ọdún àkọ́kọ́, ẹ má dán an wò. Ẹ tẹ tọ́tù títí dé òpin, kí ìwé àkọsílẹ̀ yín lè jẹ́ òótọ́.

Bí ẹ bá délé, kí ara tó tutù, ẹ yẹ bóòtù ìdí èéfín wò, torí àwọn ló ń kọ́kọ́ tú, ẹ yẹ nọ́ọ̀tì táyà wò, kí ẹ fún bátìrì níná. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí irin ti sinmi, ẹ yọ pílọ́ọ̀gì mẹ́jọ náà jáde, ẹ tò wọ́n sórí tábìlì gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà sílíńdà wọn. Èyí tó bá funfun jù ń fẹ́ epo sí i, èyí tó bá dúdú tó sì lómi ń mu epo jù, tàbí kí ríǹgì rẹ̀ ti máa jẹ. Ẹ kọ ìyẹn náà sínú ìwé, lẹ́yìn èyí ni kí ẹ fi aṣọ tútù nu nọ́ńbà ojú gíláàsì kúrò.